Agbanipa Tí Wọ́n Fi Ṣe Yẹ̀yẹ́

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹta

Kí n tètè kọ ọ́ sílẹ̀ kí inú mi tó rọ̀, torí tí inú mi bá rọ̀ tán, màá tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn wá àwíjàre.

Wọ́n tún fi Agbanipa mi ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí. Níwájú mi! Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́ sínú ìwé òfin eré pé láti kékeré ló ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, pé àwọn ọlọ́lá kì í dárúkọ rẹ̀ tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Ó dára. A jókòó yí tábìlì ká ní ọ́fíìsì láti dán eré wò, bí a ṣe ń ṣe ní gbogbo Àbámẹ́ta: onítàn á sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ẹni tó mú ẹ̀dá kan á sọ ohun tó fẹ́ ṣe, dáìsì á sì sọ bóyá ó bọ́ sí i. Gìrìgìrì ni onítàn. Tíṣà, obìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì wa, ló mú Agbanipa. Ó ní kí Agbanipa gba ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná wọlé Adájọ́ tó fẹ́ pa.

Gìrìgìrì, tí a jọ ń kọ ìwé òfin náà, ní, "Ẹ ju dáìsì, ká mọ̀ bóyá ilẹ̀kùn máa ṣí."

Tíṣà jù ú. Oókan.

"Yéè! Kọ́kọ́rọ́ ti ṣẹ́ sínú ilẹ̀kùn! Ẹ tún un jù, bóyá ẹ lè gba fèrèsé."

Eéjì.

"Yéè! Agbanipa ti já bọ́ sínú garawa omi ìdọ̀tí!"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Ayàwòrán fi orí lé tábìlì. Tíṣà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ó kàn ń wo dáìsì náà bí ẹni pé akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan ló gba òdo.

Nígbà tí ẹ̀rín wá sú wọn, Ọ̀gá nu ojú, wọ́n ní, "Ìparí oṣù yìí ni ìwé ń lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé. Jagunjagun ti ṣetán. Oníwòsàn ti ṣetán. Olè ti ṣetán. Tí Agbanipa rẹ bá ṣì ń pa wá lẹ́rìn-ín títí di Àbámẹ́ta tó kẹ́yìn, màá gbà á lọ́wọ́ rẹ, màá gbé e fún Gìrìgìrì."

Láti ìgbà tí mo ti dé ọ́fíìsì yìí, àṣìṣe àwọn ẹlòmíràn ni mo ń tún ṣe. Agbanipa yìí ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé fún mi pé kí n fi ọwọ́ ara mi kọ. Òun náà ni wọ́n fẹ́ gbà. Fún Gìrìgìrì! Ẹni tí kò lè wọ yàrá kó má fi ẹsẹ̀ gbá àga!

Àìkú, ọjọ́ kẹrin

Mọ́mì bi mí pé kí ni kí àwọn máa sọ fún ará àdúgbò tí wọ́n bá béèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Mo ní kí wọ́n sọ pé ìwé ni mò ń kọ. Wọ́n ní, "Ìwé kí ni?" Mo ní ìwé òfin eré ni. Wọ́n ní, "Ìwọ náà rí i báyìí."

Ajé, ọjọ́ karùn-ún

Òjò wọ ilé ìkàwé ọ́fíìsì, búrẹ́dì tún wọ́n sí i, Ayàwòrán sì gbé àwòrán Agbanipa wá fún mi. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwòrán yẹn ló burú jù.

Ọ̀bẹ kún ara ẹ̀dá náà láti ọrùn dé kókósẹ̀. Aṣọ dúdú, ìbòjú dúdú, ojú pupa. Ó dúró sórí òrùlé ní ọ̀sán gangan, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ sá aṣọ.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá rí ẹni tó múra báyìí ládùúgbò yín, kí lẹ máa ṣe?"

"Màá sá ni."

"Ẹ̀ṣọ́ Adájọ́ ńkọ́?"

"Á fọn fèrè."

"Ṣé ẹ wá rí i?"

Ó wo àwòrán náà, ó wò mí. "Ṣùgbọ́n ó rẹwà."

Mo ní kó bá mi ya obìnrin kan tó dà bí ẹni tó ń lọ ra ọṣẹ. Ó ní ta ló máa ra ìwé nítorí obìnrin tó ń lọ ra ọṣẹ? Mo dá àwòrán náà padà fún un kí n tó sọ ohun tí a ò ní lè gbé mì lọ́la.

Ọjọ́rú, ọjọ́ keje

Èmi àti Gìrìgìrì ja ìjà tó tó ìjà lónìí. Ojú fèrèsé la wà, tí à ń dúró kí omi tíì hó.

Mo ní, "Jagunjagun rẹ, ẹ̀ẹ̀melòó ló máa ń ju dáìsì kó tó bẹ́ ọ̀tá lórí?"

"Ẹ̀ẹ̀kan. Bó bá jẹ́ òmìrán, ẹ̀ẹ̀mejì."

"Agbanipa mi ńkọ́? Ó fẹ́ gun ògiri, o ní kó ju dáìsì. Ó fẹ́ ṣí fèrèsé, dáìsì. Ó fẹ́ rìn lórí pátákó, dáìsì. Ó fẹ́ fara pa mọ́, dáìsì. Kó tó dé ìdí bẹ́ẹ̀dì Adájọ́, o ti fún un láyè láti di ẹlẹ́yà nígbà mẹ́rin! Ta ni dáìsì rẹ̀ máa dára nígbà mẹ́rin? Ìwọ lo máa rí bẹ́ẹ̀?"

"Ata, má bínú." Ata ló ń pè mí. "Eré ni. Ọ̀rọ̀ oríire ni."

"Oríire wo? Àwọn awakọ̀ tó ń kọjá lọ níta yìí, ṣé wọ́n ń ju dáìsì kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò? Ẹni tó mọṣẹ́, ilẹ̀kùn kì í yọ ọ́ lẹ́nu! Ènìyàn ló ń yọ ọ́ lẹ́nu!"

Omi ti hó dànù. Gìrìgìrì pa iná, ó ní òun ò mu tíì mọ́. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ohun tí ẹnu ara mi sọ. Mo sáré lọ kọ ọ́.

Ẹtì, ọjọ́ kẹsàn-án

Òfin tuntun, mo sì kọ ọ́ ní kúkúrú kí Ọ̀gá má baà ní ó gùn jù. Agbanipa ò ní ju dáìsì fún ilẹ̀kùn, fún ògiri tàbí fún òkùnkùn mọ́. Ibi tí ènìyàn bá ti dúró ní ọ̀nà rẹ̀ nìkan ló ti máa jù ú. Tí dáìsì bá kọ̀, kò gbọdọ̀ já bọ́ sínú garawa kankan. Nǹkan á le sí i ni, kò ní ya òmùgọ̀. Tó bá sì wọ yàrá, onítàn gbọ́dọ̀ sọ fún un ju ohun tó ń sọ fún àwọn yòókù: ta ló sùn lóòótọ́, ta ló ń díbọ́n, ẹsẹ̀ wo ló ń dun ẹ̀ṣọ́.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé ẹni tó ń ṣe Agbanipa lè sọ pé, "Mo ti ṣe é tẹ́lẹ̀." Ìyẹn ni pé bó bá débi tí ọ̀pá irin ti dí ọ̀nà, ó lè sọ pé òun ti wá ní àárọ̀ láti fi ayùn gé e. Torí Agbanipa gidi ti ronú nípa ilé yẹn tipẹ́, àwa tó jókòó sídìí tábìlì ni a kò ronú. Tíṣà lè jẹ́ olùkọ́ ìṣirò, kì í ṣe òun ló yẹ kó mọ bí wọ́n ṣe ń pa Adájọ́.

Inú mi dùn. Mo fi òróró sí ìdí ilẹ̀kùn ilé wa tó ń han. Mọ́mì ní kí ló dé tí mo fi ń rẹ́rìn-ín sí ilẹ̀kùn.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹwàá

Ọlọ́run ló máa dá Gìrìgìrì lẹ́jọ́.

Tíṣà ní ìdánwò láti máàkì, kò wá. Ni Gìrìgìrì bá ní òun á ṣe Agbanipa, kí Ọ̀gá jẹ́ onítàn. Mo rò pé ó fẹ́ ràn mí lọ́wọ́. Háà, èmi náà!

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn ńlá: "Ilẹ̀ ti ṣú. Ilé Adájọ́ wà níwájú rẹ. Ẹ̀ṣọ́ ń lọ, ẹ̀ṣọ́ ń bọ̀. Kí lo fẹ́ ṣe?"

Gìrìgìrì fara ti àga, ó ká ọwọ́ sáyà. "Mo ti ṣe é tẹ́lẹ̀."

"O ti ṣe kí ni?"

"Mo ti pa á lánàá."

Ilé dà rú! Ọ̀gá fi ọwọ́ gbá tábìlì. Ayàwòrán ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé, eré ti parí!" Mo ní kò sí ẹni tó kọ òfin pé kó máa lò ó báyẹn. Gìrìgìrì ní, "Ka òfin rẹ sókè, Ata. Níbo lo ti kọ ọ́ pé mi ò lè ṣe é?" Mo kà á. N kò kọ ọ́ síbì kankan.

Ọ̀gá wá fọwọ́ tọ́ mi léjìká bí ẹni tó ń tu ọmọ nínú. Wọ́n ní, "Tẹ́lẹ̀ ó ń já bọ́. Ní báyìí kò sí ohun tó lè ṣe é. Kò sí èyí tó jọ ènìyàn nínú méjèèjì."

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé wọ́n jàre.

Àìkú, ọjọ́ kọkànlá

Òjò. Mo sùn títí ọ̀sán fi pọ́n.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàlá

Ẹ̀rọ omi ilé wa ò tíì yọ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo lọ sí ilé iṣẹ́ omi láti fẹjọ́ sùn. Aṣọ́bodè ní kí n jókòó síta. Mo jókòó títí òòrùn fi bá mi níbẹ̀. Àwọn kan ń wọlé, wọ́n ń jáde, kò bi wọ́n ní nǹkan kan. Inú bí mi. Mo dìde, mo gbá fáìlì mi mọ́ àyà, mo fajú ro bí ẹni tí wọ́n ń fi àkókò rẹ̀ ṣòfò, mo sì kọrí sí ẹnu ọ̀nà.

Aṣọ́bodè kan náà, ẹni tó lé mi síta! Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà."

Mo dáhùn. Mo gun òkè dé iwájú ọ́fíìsì ọ̀gá pátápátá. Mo mu omi níbi ẹ̀rọ omi tútù wọn, omi tí a ò rí mu nílé. Ọ̀gá náà kò sí. Mo sọ̀kalẹ̀, aṣọ́bodè tún kí mi. Ẹ̀rín ló ń pa mí. Agbanipa mi nìyẹn! Kò sí ìbòjú, kò sí òrùlé. Mo sọ fún Mọ́mì, wọ́n ké sí orúkọ Ọlọ́run, lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè bóyá omi yẹn tutù dáadáa.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo padà lọ. Fáìlì kan náà, ojú kan náà. Aṣọ́bodè kí mi. Mo wọ lífìtì. Ọkùnrin kan tó de táì wà níbẹ̀, ó ń wò mí.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ̀ka wo lẹ wà?"

Mo ní mò ń lọ sókè.

"Mo mọ̀ pé òkè lẹ ń lọ. Mo rí yín ní Túsìdeè níbi ẹ̀rọ omi. Mo bi àwọn èèyàn wa pé ta ni ìyá yẹn, kò sẹ́ni tó mọ̀ yín."

Ìyá! Èmi! Ojú tì mí débi pé mo sọ òtítọ́ fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó gba ìwé ẹ̀sùn lọ́wọ́ mi, ó ní kí n máa lọ, kí n má tún dán an wò mọ́. Mo bínú dé ìdí ọkọ̀. Mo bínú títí mo fi wọkọ̀. Ìgbà tí ọkọ̀ gbéra ni ọ̀rọ̀ náà wá yé mi. Kì í ṣe ohun tí mo ṣe lónìí ló tú mi fó. Ohun tí mo ti ṣe tẹ́lẹ̀ ni.

Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo tún òfin kọ. Agbanipa lè sọ pé, "Mo ti ṣe é tẹ́lẹ̀," lẹ́ẹ̀mejì péré. Kò sì gbọdọ̀ kan ara ẹni tó fẹ́ pa. Bó bá ti sọ ọ́, onítàn á dárúkọ ẹnì kan tó rí i nígbà tó ń ṣe é. Ẹni yẹn wà nínú ilé. Ó mọ ojú rẹ̀. Agbanipa gbọ́dọ̀ mọ ohun tó máa ṣe sí ìyẹn.

Mo gbé e lọ fún Ọ̀gá. Wọ́n kà á, wọ́n tún un kà. Mo rò pé wọ́n fẹ́ yìn mí. Wọ́n ní, "Ó dára. Èmi fúnra mi ni màá jẹ́ Adájọ́ ní Àbámẹ́ta tó kẹ́yìn. Ẹ̀ṣọ́ tó bá wù mí ni màá fi síbi tó bá wù mí. Kí Agbanipa rẹ wá pa mí."

Ṣé ẹ̀yin náà rí irú ìwà yìí? Ẹni tó máa ṣèdájọ́ ló tún fẹ́ bọ́ sórí pápá!

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Àgbàrá bo ọ̀nà ọ́fíìsì. Kò sẹ́ni tó wá.

Ajé, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo rí ìwé kan lórí tábìlì Gìrìgìrì: "Agbanipa Onídà Méjì." Idà méjì, ó lè fò láti orí òrùlé kan dé òmíràn, ó máa ń bú ramúramù bíi kìnnìún kó tó pànìyàn. Kó tó pànìyàn! Kí ẹni tó fẹ́ pa lè gbọ́!

Mo bi í. Ó ní Ọ̀gá ló ní kí òun máa múra sílẹ̀. "Kì í ṣe èmi ló fẹ́ ẹ, Ata. Wọ́n rán mi ni." Ojú rẹ̀ ò lè dúró lójú mi. Wọn ò tíì dán tèmi wò, wọ́n ti gbẹ́ sàréè rẹ̀. Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo sunkún, mo bọ́jú, mo jáde. Kò sẹ́ni tó mọ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlélógún

Tíṣà pè mí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ní: "Ṣé dandan ni kí n ṣe kánkán?" Mo ní rárá. Ó ní ó ṣeun, ó sì pa fóònù.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Gbogbo ara mi ló ń dùn mí bí ẹni tó ru igi, bẹ́ẹ̀ mo kàn jókòó ni.

Gìrìgìrì ni onítàn. Ọ̀gá jókòó sí ìdí tábìlì bí Adájọ́ gan-an, wọ́n gbé kọ́ọ̀bù omi wọn síwájú, wọ́n sì ń fi ìka ka ẹ̀ṣọ́: ajá lẹ́yìnkùlé, ẹ̀ṣọ́ ní gbogbo fèrèsé, èyí tó burú jù lára wọn ní ẹnu ọ̀nà yàrá. "Ó yá. Kó máa bọ̀."

Tíṣà ò tilẹ̀ mú dáìsì. Ó ní, "Mo ti ṣe é tẹ́lẹ̀. Mo ti di alágbàfọ̀ ilé yìí láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn."

Gìrìgìrì ní, "Àǹtí Adájọ́, ìyá àgbà kan tó ń gbé ilé náà, ló rí yín. Kò gbàgbé ojú rí."

"Kò burú. Mo máa ń bá wọn ti òwú bọ abẹ́rẹ́. Ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́."

Ọ̀gá ní kí wọ́n lé alágbàfọ̀ náà jáde. Gìrìgìrì wo ìwé òfin, ó ní, "Ọ̀gá, Adájọ́ ò mọ alágbàfọ̀ rẹ̀ lójú. Àǹtí ló gbà á síṣẹ́." Mo fẹ́ràn Gìrìgìrì díẹ̀ nígbà yẹn.

Tíṣà wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè nǹkan, ní pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń tún ìwé akẹ́kọ̀ọ́ wò. Ìgbà wo ni wọ́n ń pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì? Apá wo ni Adájọ́ máa ń sùn sí? Kí ló máa ń ṣe gbẹ̀yìn kó tó pa fìtílà? Ohun tí òfin mi sọ ni Gìrìgìrì ṣe, ó dá a lóhùn gbogbo rẹ̀. Adájọ́ máa ń mu omi.

Ní ìrọ̀lẹ́ inú ìtàn, Agbanipa gbé aṣọ bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ọ̀nà yàrá. Ẹ̀ṣọ́ burúkú dá a dúró. Ènìyàn ti dúró lọ́nà, dáìsì di dandan. Tíṣà jù ú.

Eéjì.

Ayàwòrán ti ń la ẹnu láti rẹ́rìn-ín. Gìrìgìrì wò mí, ó wo ìwé, ó gbé ẹ̀rín tirẹ̀ mì. Ó ní, "Nǹkan le sí i. Ẹ̀ṣọ́ fura. Ó tẹ̀ lé yín wọnú yàrá, ó dúró lẹ́yìn yín gan-an."

Tíṣà ní, "Mo na etí aṣọ kan sí i. Mo ní, 'Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di ọwọ́ ibí yìí mú, ó gùn jù fún ẹnì kan.'"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ó dì í mú?" Ọ̀gá ló béèrè.

Gìrìgìrì ní, "Mo rò pé... ó dì í mú."

Àwọn méjèèjì tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Tíṣà dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́, ó kó aṣọ ìdọ̀tí, ó kí ìyá àgbà pé ó dàárọ̀, ó jáde gba ẹnu ọ̀nà ńlá. Ó wá ká ọwọ́ sórí tábìlì.

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. "Ó ti lọ! Ó sá lọ! Mo ṣì wà láàyè! Gìrìgìrì, gbé Agbanipa tìrẹ wá." Wọ́n na ọwọ́, wọ́n gbé kọ́ọ̀bù omi.

Tíṣà ní, "Ẹ máa mu omi yín, sà."

Kọ́ọ̀bù dúró lọ́wọ́ Ọ̀gá, kò tíì dé ẹnu.

"Kí lẹ wí?"

"Ìgbà ẹ̀ẹ̀kejì tí mo ní nìyẹn. Mo ti ṣe é tẹ́lẹ̀, nígbà tí ẹ̀ṣọ́ yín ń na aṣọ lápá ọ̀hún. Kọ́ọ̀bù omi ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì nìkan ni májèlé mi kàn, kò kan Adájọ́."

Ọ̀gá yíjú sí Gìrìgìrì. "Ẹnì kan rí i! Òfin ní ẹnì kan gbọ́dọ̀ rí i!"

Gìrìgìrì ò gbé ohùn sókè. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò gbọ́ kó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. "Ẹ̀ṣọ́ rí i, sà. Ó rò pé alágbàfọ̀ ń nu kọ́ọ̀bù ni."

"Ẹ fún mi ní dáìsì. Mo fẹ́ ju dáìsì."

Tíṣà ní, "Ta lẹ fẹ́ bá jù ú, sà? Mo ti délé."

Ọ̀gá rọra gbé kọ́ọ̀bù náà sílẹ̀. Wọn ò wo ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní, "Kí ó wà nínú ìwé bó ṣe wà. Gìrìgìrì, da tìrẹ nù." Wọn ò kí mi. Wọn ò dúpẹ́. Lẹ́yìn gbogbo ohun tí ojú mi rí! Wọ́n dìde, wọ́n mú kọ́ọ̀bù, wọ́n kọjá lára mi lọ sí ibi ìfọwọ́.

Mo wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà. Wọ́n da omi yẹn nù, wọ́n fi ọṣẹ fọ kọ́ọ̀bù nínú àti lóde, wọ́n sì ṣàn án dáadáa kí wọ́n tó bu òmíràn mu.